Òpó ọkọ̀ ìgbòkun mi máa ń wúwo ní agbede méjì: ṣé agbára mi ló tán ni?

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní ọkọ̀ onígbòkun kékeré kan tí mo máa ń fi mọ́tò fà lọ sétí omi lórí tírélà rẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi nìkan la ń lò ó. Òpó rẹ̀ gùn ní mítà 8, ó sì wọ̀n tó kílò 30 pẹ̀lú gbogbo wáyà ara rẹ̀. Tí mo bá fẹ́ gbé e nàró, ìdí ọkọ̀ ni mo ti máa ń gbé e lé èjìká, tí màá máa rìn bọ̀ níwájú, ìyàwó mi á sì máa fa wáyà iwájú. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì í nira, àmọ́ tó bá ti dé agbede méjì, ńṣe ló máa ń ṣe bíi pé nǹkan kan dì í mú, á wá máa yà sí apá òsì. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, díẹ̀ ló kù kó gbé mi ṣubú láti orí òrùlé ọkọ̀, irin tí a fi ń lọ́ ọ̀kan nínú àwọn wáyà ẹ̀gbẹ́ le sì tẹ̀. Mo ti fi òòlù tọ́ ọ. Mo ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra wíǹṣì oníná, ẹ̀rọ tó ń fi iná fa okùn, òmíràn ní kí n kúkú ta ọkọ̀ náà. Kí lẹ rí sí i?"

Ẹ kú ewu o. Ewu iná kì í pa àwòdì. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tì sápá kan, torí òun kọ́ ló ń ṣe yín. Mo ti rí géńdé tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí òpó tó fúyẹ́ ju tiyín lọ dá lágara, ní ibi kan náà tí tiyín ti ń dá yín lágara. Nínú ohun tí ẹ kọ, ìṣòro méjì ló lọ́ mọ́ra wọn tí ẹ fi ń rò pé ọ̀kan ṣoṣo ni. Èkíní ni wíwúwo, èkejì ni yíyà sí ẹ̀gbẹ́. Wíwúwo á rẹni, àmọ́ yíyà sí ẹ̀gbẹ́ ló ń ṣeni léṣe. Orí wíwúwo sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń náwó lé, wọ́n á fi èyí tó léwu sílẹ̀ bó ṣe wà. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní sọ fún yín pé kí ẹ sáré lọ ra wíǹṣì.

Ẹ jẹ́ ká mú ti wíwúwo. Òpó yín ò le sí i ní agbede méjì, kò sì dájú pé nǹkan kan dì í mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wáyà lè há, màá dé ibẹ̀. Àárín òpó ni ìwúwo rẹ̀ wà, ìyẹn bíi mítà 4 sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Tó bá dùbúlẹ̀, gbogbo ìwúwo yẹn ló ń fà á wálẹ̀. Bó ṣe ń nàró ni ó ń dín kù. Gbogbo wa la mọ ìyẹn, òun náà ló jẹ́ ká máa retí pé á máa fúyẹ́ sí i ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a kì í kà mọ́ ọn ni ibi tí ọwọ́ wa wà lára òpó. Nígbà tí ẹ wà ní ìdí ọkọ̀, ọwọ́ yín jìnnà sí hínjì tó wà lẹ́sẹ̀ òpó. Bí ẹ ṣe ń rìn bọ̀ níwájú, ọwọ́ yín ń sún mọ́ hínjì, ẹ wá dà bí ẹni tó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ńlá ṣùgbọ́n tó ń tì í létí hínjì. Ká ní ọwọ́ yín fi mítà 1.7 ga ju hínjì lọ: tí òpó bá wà ní dígírì 20, bíi kílò 23 ni yóò máa tẹ ọwọ́ yín. Nígbà tó bá fi máa dé dígírì 45, ó ti di kílò 35. Òkè ibẹ̀ ló tó máa padà fúyẹ́. Ibi tó ti wúwo jù lọ gan-an ni ẹ ti ń gbé ẹsẹ̀ kúrò níbi ìjókòó atukọ̀ bọ́ sórí òrùlé, tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lẹ fi dúró. Tí ẹ bá sì ṣì wà nísàlẹ̀, tí ọwọ́ yín ò ga tó bí mo ṣe ṣírò rẹ̀ yẹn sí hínjì, ẹrù náà á tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ò ṣàìsàn, ẹ ò sì yọ̀lẹ; bí òpó ṣe ń ṣe nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá ń fi èjìká tì í.

Ìyàwó yín tó ń fa wáyà iwájú ńkọ́? Òun náà ń ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe, àmọ́ ibi tó dúró sí ni kò bá a ṣe é. Ẹ wo ìṣirò yìí. Tí wáyà iwájú bá so mọ́ òpó ní mítà 7 sókè hínjì, tí iwájú ọkọ̀ sì jìn sí hínjì ní mítà 2.5, nígbà tí òpó wà ní dígírì 10 péré, ẹni tó bá fẹ́ fi wáyà yẹn nìkan gbé òpó dìde ní láti fi agbára bíi kílò 370 fà á. Wáyà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ sùn lé òpó lórí, ìdí òpó ló ń fà mọ́ hínjì ju orí rẹ̀ tó ń gbé sókè lọ. Ní dígírì 45, ó ṣì ku bíi kílò 61. Ìgbà tó bá fi dé dígírì 70 ló ń wá sílẹ̀ dé kílò 20. Nítorí náà, ní gbogbo ìgbà tí ẹ nílò ìrànlọ́wọ́ rẹ̀ jù, kò lè ràn yín lọ́wọ́. Ìgbà tó bá lè ràn yín lọ́wọ́, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí iṣẹ́.

Ohun tó ń yí ìṣirò yìí padà ni ọ̀pá kúkúrú kan tí àwọn atukọ̀ ń pè ní gin pole. Kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Ọ̀pá irin tàbí àlùmíníọ̀mù tó gùn bíi mítà 2 ni, tí a so ìdí rẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ òpó ní apá iwájú, tó fi jẹ́ pé bí òpó bá dùbúlẹ̀ sí ìdí ọkọ̀, ọ̀pá náà á dúró ṣánṣán. Okùn tí ẹ fi ń fa ìgbòkun iwájú sókè ni ẹ ó so mọ́ orí ọ̀pá yìí, kó le dáadáa. Láti orí ọ̀pá náà ni okùn púlì yóò ti lọ sí iwájú ọkọ̀. Báyìí, okùn ò sùn lé òpó mọ́, òkè ló ti ń fà á. Lórí ọkọ̀ kan náà tí mo fi ṣírò lẹ́ẹ̀kan, kódà kí òpó sùn gbalaja, agbára tí okùn nílò ò ju bíi kílò 77 lọ. Tí ẹ bá fi púlì tó pín ẹrù sí mẹ́rin sí i, ó di bíi kílò 20 lọ́wọ́ yín, ẹ fi díẹ̀ lé e torí okùn máa ń ha púlì. Ẹni kan tó jókòó dáadáa, tó sì fi ẹsẹ̀ ti nǹkan, á fà á láìmí gúlegúle. Láti ibẹ̀ lọ, ńṣe ni yóò máa fúyẹ́ títí tí òpó yóò fi nàró. Ìbẹ̀rẹ̀ ló wúwo jù níbí, ìyẹn nígbà tí gbogbo ènìyàn ṣì dúró sílẹ̀ dáadáa, tí ẹ sì lè dá iṣẹ́ dúró láìsí ohun tó bàjẹ́.

Ẹ ò ní láti ra púlì tuntun. Èyí tí ẹ fi ń darí ìgbòkun ńlá sábà máa ń tó, pàápàá tó bá ní eyín tó ń di okùn mú fúnra rẹ̀. Okùn rẹ̀ ni kì í sábà gùn tó. Láti orí ọ̀pá mítà 2 dé iwájú ọkọ̀ fi díẹ̀ lé ní mítà 3. Tí okùn bá lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ti di bíi mítà 13, ẹ sì gbọ́dọ̀ ní èyí tí ẹ ó dì mú. Mítà 15 ni mo máa ń pè ní òfin fún irú ọkọ̀ yín. Ọ̀pá náà kò sì gbọdọ̀ gùn ju àyè tó wà láàárín hínjì àti iwájú ọkọ̀ lọ. Àwọn kan máa ń fi igi ìsàlẹ̀ ìgbòkun ńlá ṣe ọ̀pá yìí. Ó ṣeé ṣe, tí ibi tó ti so mọ́ òpó bá lágbára.

Ẹ jẹ́ ká wá dé orí èyí tí mo kà sí pàtàkì jù. Ìdí tí òpó fi ń yà ni pé kò sí ohun tó mú un lẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tó bá wà lójú ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé wáyà ẹ̀gbẹ́ ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Kò ṣe é. Òpó tó ti nàró tán ni a gé wáyà ẹ̀gbẹ́ fún. Lórí ọkọ̀ kéékèèké, orí òrùlé ni hínjì máa ń wà, ara ọkọ̀ nísàlẹ̀ ni irin tí wáyà ẹ̀gbẹ́ so mọ́ sì máa ń wà, nígbà mìíràn á tún sún sẹ́yìn díẹ̀. Tí irin yẹn bá fi ìdajì mítà rẹlẹ̀ ju hínjì lọ, nígbà tí òpó bá dùbúlẹ̀, wáyà ẹ̀gbẹ́ á dẹ̀ tó bíi ìdajì mítà. Wáyà tó dẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kí orí òpó rìn ju mítà kan lọ sọ́tùn-ún tàbí sósì kó tó le. Tó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, kò sí ọwọ́ tó lè dá a dúró, torí ìwúwo gbogbo òpó náà ló ń lọ. Hínjì ló máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, torí a ṣe é kó lè tẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn nìkan. Bóòtù á tẹ̀, tàbí kí irin ẹsẹ̀ òpó ya kúrò lára òrùlé.

Pé apá òsì ló ń yà sí nígbà gbogbo tún sọ nǹkan fún mi. Ó ṣeé ṣe kí tírélà yín má dúró dọ́gba, kó rọ̀ sósì, tàbí kí bóòtù hínjì ti jẹ. Ẹ gbé ìwọ̀n ìdọ́gba tí àwọn bíríkìlà ń lò lé orí òrùlé ọkọ̀ ní ìbú, ẹ ó mọ èyí tó jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Tí tírélà bá rọ̀, ẹ fi pákó tẹ́ táyà apá tó rẹlẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan okùn.

Okùn ìdímú ẹ̀gbẹ́ méjì ló ń wo yíyà yẹn sàn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Láti bíi mítà 2 sókè lára òpó ni wọ́n ti máa ń wá sí òrùka irin kan ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ibi tí òrùka yẹn wà ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà. Tí ẹ bá na okùn tín-ín-rín láti òrùka òsì dé òrùka ọ̀tún, ó gbọ́dọ̀ gba ojú bóòtù hínjì kọjá gẹ́lẹ́, kó má ga, kó má rẹlẹ̀, kó má sún síwájú tàbí sẹ́yìn. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, gígùn okùn ìdímú kò ní yí padà láti ìgbà tí òpó ti sùn títí tó fi nàró, á máa le ní gbogbo ọ̀nà. Níwọ̀n bí kò ti sí irin ní ibẹ̀ lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, inú afẹ́fẹ́ lẹ ó ti so òrùka náà ró pẹ̀lú okùn kúkúrú mẹ́ta: ọ̀kan sí irin wáyà ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan sí ẹsẹ̀ ọ̀pá ìdáàbòbò tó wà níwájú, ọ̀kan sí èyí tó wà lẹ́yìn. Ẹ lo okùn tí kì í nà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá ń wọn àwọn okùn yìí á gba sùúrù, ó lè jẹ ọ̀sán kan tán. Àmọ́ tí ẹ bá ti so wọ́n tó bó ṣe yẹ, ẹ fi kùn sàmì sí wọn, wọn ò ní yí padà mọ́. Láti ara òrùka kan náà ni ẹ ó ti na okùn méjì mìíràn lọ sí orí ọ̀pá kúkúrú, torí ọ̀pá náà lè yà gẹ́gẹ́ bí òpó ti ń yà. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbogbo okùn wọ̀nyí fún ọ̀pá náà lè fi ọ̀pá méjì ṣe é, kí orí wọn pàdé, kí ẹsẹ̀ wọn là sọ́tùn-ún sósì ní ojú ìlà hínjì. Ó gba àyè nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kì í yà rárá, òun ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń dá ṣe é.

Nígbà tí ẹ bá ti ní èyí, iṣẹ́ ìyàwó yín yí padà. Kó má fa nǹkan kan mọ́. Kó dúró sílẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, kó má dúró sí abẹ́ òpó, kí ojú rẹ̀ máa wo wáyà. Àwọn irin tí a fi ń lọ́ wáyà le ló máa ń há jù: òpó ń dìde, irin náà dojú dé lórí ìkó rẹ̀, ó kọ̀ láti dìde pẹ̀lú wáyà, okùn yín sì ń fà á lọ láìmọ̀. Bí tiyín ṣe tẹ̀ nìyẹn. Wáyà tún máa ń kọ́ etí fèrèsé tàbí ìdè okùn lórí òrùlé. Tó bá ti rí ohunkóhun, kó kígbe "Ó tó!", ẹ̀yin náà á sì dúró lójú ẹsẹ̀ láìbéèrè ìdí. Èyí tí ẹ fi òòlù tọ́ yẹn, mo bẹ̀ yín, ẹ yọ ọ́ sọnù. Irin oníṣíkírù tó bá ti tẹ̀ tí a tún tọ́ lè ti sán ní ìdí ṣíkírù rẹ̀ níbi tí ojú ò lè rí, ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le lórí omi ló lè já, òpó á sì bá a lọ.

Wíǹṣì oníná kì í ṣe ohun búburú. Fún ẹni tí èjìká tàbí àyà rẹ̀ ò gba fífa, ó lè jẹ́ òun ni yóò jẹ́ kó ṣì máa wọ ọkọ̀. Ohun tí mo kórìíra nínú rẹ̀ ni pé kò ní ọwọ́ tí ń mọ nǹkan lára. Tí wáyà bá há, ẹni tó ń fa okùn á mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ kó tó bàjẹ́. Wíǹṣì á kàn máa fà títí nǹkan yóò fi já. Kò sì dí òpó lọ́wọ́ àtiyà. Nítorí náà, tí ẹ bá máa rà á, kí òrùka àti okùn ìdímú ẹ̀gbẹ́ ti wà ṣáájú rẹ̀. Títa ọkọ̀ ńkọ́? Kò tíì yá. Ohun tó bọ́gbọ́n mu ju títà lọ, fún ẹni tó ń tu ọkọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lọ́dún, ni kó wá ibùdókọ̀ tó gbà kí a fi ọkọ̀ sílẹ̀ lórí tírélà pẹ̀lú òpó tó nàró. Owó ni, àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún lẹ ó máa gbé òpó. Ọ̀rọ̀ èèyàn díẹ̀ àti òpó ńlá kì í sì í ṣe tuntun: àwọn ọkọ̀ ẹrù tí wọ́n ń pè ní wherry ní Norfolk, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń sọ òpó kalẹ̀ kí wọ́n lè gba abẹ́ afárá kọjá, èèyàn méjì ló sì sábà máa ń wà nínú wọn. Òjé tó wúwo gan-an ni wọ́n so mọ́ ìdí òpó, nísàlẹ̀ hínjì, kó lè gbè é. Albion, tí wọ́n kàn ní 1898, jẹ́ ọ̀kan tí wọ́n tọ́jú títí di òní. Ìdí òpó tiyín kò kọjá hínjì, ẹ ò lè so òjé mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kan náà ni ọ̀pá kúkúrú ń lò.

Kí ẹ tó gbé ohunkóhun, ẹ wòkè. Àlùmíníọ̀mù ń gbé iná, òpó oníkábọ́ọ̀nù náà ń gbé e, iná inú wáyà tó lágbára sì lè fò mọ́ òpó láìjẹ́ pé wáyà àti òpó fara kanra. Iná ti pa atukọ̀ lọ́nà yìí débi pé ní àwọn ọdún 1980, Hobie Cat, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ìgbòkun, bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíbà tí kì í gbé iná ṣe orí òpó ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ Hobie 16. Ẹ wo ọ̀nà tí ẹ ó fi fa ọkọ̀ dé etí omi pẹ̀lú òpó lórí rẹ̀, kì í ṣe ibi tí ẹ dúró sí nìkan. Orí tírélà ni kí ẹ ti gbé òpó, kí tírélà ṣì so mọ́ mọ́tò. Lórí omi, ìgbì ọkọ̀ kan tó kọjá tó láti mi òpó tó wà ní agbede méjì. Tí afẹ́fẹ́ bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, ẹ yí mọ́tò padà kí iwájú ọkọ̀ kọjú sí i, tí ẹ kò bá sì rí àyè yí i, ẹ dúró. Ẹ tún wá irin onírísí Y kan sí ìdí ọkọ̀ tí yóò gbé òpó sókè díẹ̀. Bí òpó bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, fífà àkọ́kọ́ á fúyẹ́ sí i.

Sísọ òpó kalẹ̀ la kì í ṣọ́ra fún tó, nítorí ó ti rẹ̀ wá, a sì fẹ́ máa lọ sílé. Ẹ má yọ píìnì wáyà iwájú láé tí okùn púlì kò bá tíì le, tí okùn ìdímú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò sì tíì wà nípò. Tí ẹ bá yọ ọ́, òpó kò ní fẹ́ lọ níbẹ̀rẹ̀, ẹ ó ní láti fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn díẹ̀. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa wúwo sí i títí tó fi dé ilẹ̀. Ẹ yí okùn ká ìdè lẹ́ẹ̀kan kí ó má baà sáré mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ má sì wé e mọ́ ọwọ́. Okùn tí kò gùn tó, ìgbà yìí ló máa ń tán.

Ohun kan wà tí lẹ́tà kò lè fi hàn mí: bí hínjì yín ṣe rí lẹ́yìn ìgbà tí òpó yà yẹn. Ẹ yọ bóòtù rẹ̀, ẹ yí i lórí gíláàsì kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó tẹ̀. Ẹ wo ihò ara òpó bóyá ó ti gùn. Ẹ tẹ òrùlé yí ká irin ẹsẹ̀ òpó bóyá ó ń rọ̀. Tí òrùlé bá rọ̀, omi ti wọ inú rẹ̀ nìyẹn, ẹni tó ń tún fíbà ṣe ló kàn, kì í ṣe èmi. Ìmọ̀ràn mi ò sì bá òpó tó gba inú òrùlé lọ dé ìsàlẹ̀ ọkọ̀ mu, tàbí èyí tó wúwo tó kílò 50. Crane ni ti irú ìyẹn. Tí gbogbo rẹ̀ bá dára, ẹ mú ọjọ́ kan tí ẹ kò ní lọ sórí omi, tí afẹ́fẹ́ ò sì fẹ́. Ẹ gbé òpó dé dígírì 30, ẹ dúró, ẹ fi ọwọ́ mi okùn ìdímú òsì àti ọ̀tún wò bóyá wọ́n le dọ́gba, kí ẹ tún sọ òpó kalẹ̀. Ẹ má gbé e kọjá ibẹ̀ títí méjèèjì yóò fi le bákan náà.